Àga ANTILOP ti IKEA fún ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun: wọ́n ro ti ìdí, wọn ò ro ti ẹsẹ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, kò ní pẹ́ tí ẹ máa fẹsẹ̀ kọ ọ́: àga ọmọdé funfun kan tó ya ẹsẹ̀ irin mẹ́rin sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà. ANTILOP lorúkọ rẹ̀, IKEA, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àga àti ohun èlò ilé, ló ń tà á. Àga àti tíréè rẹ̀ kì í sábà kọjá 30 pọ́n-ùn lápapọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà wọ́n o, ẹ má gbàgbé tíréè kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, tí ẹ sì fẹ́ kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́, a ò mọ àga mìíràn tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n báyìí tó ṣiṣẹ́ tó o. Àlébù ńlá kan ló ní: kò síbi tí ọmọ máa gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá wá nǹkan ṣe sí ìyẹn, ààbọ̀ àga ló rà.

Ká tó dé orí àga, kí ọmọ máa jẹun fúnra rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ẹ gbé àwo ka iwájú rẹ̀ kí ẹ wá lọ fọ aṣọ. Ó túmọ̀ sí pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, oúnjẹ tó rọ̀, tí ẹ gé gùn bí ìka àgbà, lẹ máa kó síwájú rẹ̀. Òun ló máa mú un, òun ló máa gbé e sẹ́nu, òun náà ló máa sọ ìgbà tó yó. Ọmú tàbí mílíìkì ṣì ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an lásìkò yìí. Nǹkan mẹ́ta ni NHS, àjọ ìlera ìjọba Britain, ní kí òbí wò: kí ọmọ lè jókòó kó sì gbé orí dúró, kó lè wo oúnjẹ, kó mú un, kó sì gbé e dé ẹnu láìṣì í, kó lè gbé e mì dípò kó máa fi ahọ́n tì í jáde. Ọmọ tó ń jẹ ìkúùkù tàbí tó ń jí lóru kò tíì fi ìyẹn sọ pé oúnjẹ lòun fẹ́. Ọmọ tí kò bá sì tíì lè jókòó, kò sí àga tó máa bá a jókòó.

Ibi tí ANTILOP ti gba máàkì ni ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúró gbọnrangandan. Ọ̀pọ̀ àga olówó ńlá ló ń dà sẹ́yìn, tí wọ́n fi tìmùtìmù sí kó lè rọ ọmọ lára. Ìyẹn dára fún oorun. Ọmọ tó bá dà sẹ́yìn tí oúnjẹ líle wà lẹ́nu rẹ̀, oúnjẹ náà lè yọ́ lọ sọ́nà ọ̀fun kí eyín àti ahọ́n tó rí i tún ṣe. Lórí ANTILOP, ọmọ á wà ní ìjókòó tààrà, oúnjẹ á dúró níwájú ẹnu, èyí tí kò bá fẹ́ á já bọ́ síwájú. IKEA ní ọmọ tó ti lè dá jókòó títí dé ọmọ ọdún mẹ́ta ni àwọn ṣe é fún, ìwúwo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 15 kílò. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbòòrò fún ọmọ oṣù mẹ́fà tó tín-ínrín. Bó bá ń fì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ká táwẹ́lì kékeré méjì róbótó, ẹ fi há ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má fi sẹ́yìn rẹ̀, torí ṣe ló máa tì í síwájú tí àyà rẹ̀ á fi máa tẹ tíréè.

Títò ó kò gba wàhálà. Ẹ ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ ihò wọn títí tí yóò fi dún tá, ó parí, kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gbé ọmọ sí i. Torí pé ẹsẹ̀ náà ń yọ, ó ń wọ búùtù mọ́tò, ẹ lè gbé e lọ òde ìkómọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga gíga bíi ti ilé ọtí tí kò ní ọ̀pá ìgbẹ́sẹ̀lé, kí ẹ jẹ àmàlà lórí rẹ̀. Ìdí yín á máa yọ̀ síwájú, ẹ̀yìn á máa tẹ̀, ẹ ó sì máa wá ibi tí ẹ máa fẹsẹ̀ kọ́. Bí ọmọ ṣe máa ń wà lórí ANTILOP nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹ̀yìn tirẹ̀ kò tíì le. Agbára tó yẹ kó fi jẹun ló fi ń wá bí òun ò ṣe ní ṣubú. Kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àwọn ará ilé á sì ní kò fẹ́ràn iṣu. Ta ló bi ẹsẹ̀?

Àwọn oníṣòwò mìíràn ló ń ta ìgbẹ́sẹ̀lé tó bá àga yìí mu: igi tàbí ọparun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi òrùka rọ́bà so mọ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dè é. Ẹ gbé ọmọ sí àga, kí ìdí rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga, kí orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ létí ìjókòó, kí ẹ wá fi téèpù wọn abẹ́ orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ìyẹn ṣe gùn tó ni pátákó gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ìjókòó. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ́ lé e, kì í ṣe ọmọ ìka nìkan. Bó bá ga jù, orúnkún á máa lu abẹ́ tíréè. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, kò yàtọ̀ sí pé ẹ ò ra nǹkan kan. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, torí ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Rọ́bà tí epo tàbí ọṣẹ bá kàn máa ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fura. Ẹ nu irin gbẹ kí ẹ tó so ó padà. Ẹni tí kò fẹ́ náwó lè fi rọ́bà gbòòrò tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá wé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹsẹ̀ máa fì lófuurufú. Ewu kan wà níbẹ̀: ọmọ tó bá rí ibi dúró lé máa fẹ́ dìde. Bẹ́líìtì kò gbọ́dọ̀ wà ní títú, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má sì gbé àga sún mọ́ tábìlì tàbí ògiri tí ọmọ lè fẹsẹ̀ tì.

Tíréè rẹ̀ tóbi, ó ní etí tó ń dá omi ọbẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwo rọ́bà tó ń fà mọ́ tábìlì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ má tilẹ̀ wulẹ̀ lo àwo, orí tíréè ni kí ẹ kó oúnjẹ sí. Ohun tí a kò fẹ́ ni pé kò ṣeé sún síwájú tàbí sẹ́yìn, ó sì ga fún ọmọ kékeré: bí etí rẹ̀ bá dé abíyá ọmọ, apá rẹ̀ á gbé sókè, kò sì ní rí oúnjẹ mú. Ó tún le láti yọ. Ọwọ́ méjì ló ń gbà, bí ẹ bá sì fà á tipátipá, gbogbo ọbẹ̀ á fò.

Epo pupa lọ̀tá rẹ̀. Ike funfun ni, epo sì ń wọ inú ike. Omi gbígbóná nìkan kò lè ṣe é. Ṣe ló máa tàn án káàkiri. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé gbígbẹ nu epo náà kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá sá a sínú oòrùn ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa. (Ní oṣù Kejìlá ní Britain, ẹ ní sùúrù.) Ògì tó gbẹ mọ́ ọn ń le bí àtè, ẹ rẹ ẹ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ìjókòó fúnra rẹ̀ ṣeé gbé sábẹ́ ṣáwà, kò ní tìmùtìmù tí ìdọ̀tí máa sá sí. Inú ihò tí bẹ́líìtì gbà kọjá nìkan ni oúnjẹ máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ rùn.

Kí ló wá ń lọ sórí tíréè yìí? Ọmọ oṣù mẹ́fà ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di nǹkan mú, kò sì tíì mọ bí a ṣe ń la ọwọ́ láti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ gùn: ìdajì nínú ìkúùkù, ìdajì lókè. Iṣu sísè, ọ̀dùnkún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n tí ẹ sè, ṣe wẹ́kú. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́: bí kò bá fọ́ wẹ́rẹ́, kò tíì jinná fún ọmọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fọ èèpo rẹ̀, ẹ bó ìdajì, kí ó fi ìyókù ṣe èkù. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án tó bá ti ń fi ìka méjì ṣa nǹkan, ẹ lè wá máa gé e wẹ́wẹ́.

Ògì nìkan kò tó, nítorí èròjà iron (èyí tí ẹ̀jẹ̀ nílò) tí wọ́n bí mọ́ ọmọ á ti máa lọ sílẹ̀ lásìkò yìí. Lójúmọ́, ẹ wá ohun tó ní iron sínú rẹ̀: mọ́ínmọ́ín tí ẹ gé bí ìka, ẹyin tó jinná, ẹran màlúù tó rọ̀ tí ẹ gé gùn kó lè máa fa omi rẹ̀ mu, ẹja tí ẹ ti fi ọwọ́ wá gbogbo egungun rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, torí fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀. Iyọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù kan lójúmọ́, nítorí náà ẹ bu tirẹ̀ kí ẹ tó ju Maggi síkòkò. Ata kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó jẹ ata ni ọmọ máa fi nu ojú. Kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin títí tó fi máa pé ọdún kan. Ẹ̀pà lódidi, gúgúrú, kárọ́ọ̀tì àti ápù tí ẹ ò sè, pọ̀nmọ́, ṣàkì, àgbálùmọ̀ pẹ̀lú kóro rẹ̀: ẹ má gbé wọn dé orí tíréè. Èso àjàrà, ẹ là á sí mẹ́rin lóòró. Ẹ̀pà lílọ̀ ṣeé fún un, fẹ́ẹ́rẹ́ lórí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá ti ń yún un gan-an láti kékeré, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Àwọn ìyá wa máa ń bẹ̀rù pé oúnjẹ máa há ọmọ lọ́fun, ẹ̀rù wọn sì nídìí. Ní New Zealand, ìwádìí kan tó jáde ní 2016 wo ọmọ 206. Àwọn tó ń jẹun fúnra wọn kò ní ìṣòro yìí ju àwọn tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ àwọn òbí wọn ní oúnjẹ tó léwu àti bí ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ jókòó. Ọmọ tó ń pariwo, tó ń wúkọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ń tún oúnjẹ tò lẹ́nu ni; ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó dákẹ́ lójijì, tí kò lè ké, tí ètè rẹ̀ ń dú, ni oúnjẹ há. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i sókè, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe, kí ẹlòmíràn pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Britain.

Àga yìí náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, torí ẹ gbọ́dọ̀ lè yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀ kíákíá. Nígbà tí itan ọmọ bá ti ki, ó máa ń há sí ihò tí ẹsẹ̀ ọmọ gbà jáde, bí ẹ bá gbé ọmọ, àga náà á bá a gbéra. Ẹ dán an wò nígbà tí nǹkan ò ṣe: ẹ tú bẹ́líìtì, kí ẹnì kan fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ àga mọ́lẹ̀, kí ẹ fa ọmọ sókè tààrà láìyọ tíréè. Bó bá ti ń pẹ́ kó tó jáde, àga náà ti kéré fún un, bí kò tilẹ̀ tíì wọn 15 kílò.

Ẹni tó lówó lè wo Tripp Trapp ti Stokke, èyí tí Peter Opsvik ará Norway ṣe ní 1972. Igi ni, ìjókòó àti ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àgbàlagbà pàápàá lè jókòó lé e. Àmọ́ ó ju 200 pọ́n-ùn lọ, ohun tí ọmọ oṣù mẹ́fà nílò lórí rẹ̀ sì tún lówó tirẹ̀, fífọ̀ rẹ̀ sì gba àkókò ju ti ike lọ. Ní Nàìjíríà kò sí ṣọ́ọ̀bù IKEA, nítorí náà tokunbo tàbí èyí tí ẹbí bá kó sínú bárẹ́ẹ̀lì lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ tokunbo, ẹ yẹ ihò tí ẹsẹ̀ irin wọ̀ wò bóyá ike ti là, ẹ de bẹ́líìtì kí ẹ sì fà á gidi, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́ kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti sọnù, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.