Láàbù báyótẹ́kì l'Òkè-Fíà: wọ́n kọ́ ọwọ́ dáadáa, ìwé ni wọn ò kọ́

Ẹ̀yin ọmọ pólì tó ń ka Science Laboratory Technology l'Ọ́ṣun, ẹ ó ti máa gbọ́ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí láàbù aládàáni kan ń ṣe l'Òkè-Fíà, l'Óṣogbo. Wọ́n ní àwọn ń sọ ọmọ ND di ẹni tó ṣeé gbà síṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún kò kúkú jìnnà. Ẹdẹ níbí ni ACEGID, ilé ìwádìí àbùdá àrùn, wà, ní Redeemer's University, níbi tí wọ́n ti ka apilẹ̀-àbùdá kòrónà lóṣù kẹta 2020. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà n'Íbàdàn. Ibi báwọ̀nyí kì í béèrè ìtumọ̀ PCR (ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀) lọ́wọ́ ẹni. Pípẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tí wọ́n fi ń fa omi díẹ̀ lọ́nà tó péye, ni wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni owó tí wọ́n ń gbà tọ́ sí jù. Pípẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń kọ́: P20, P200 àti P1000, tó ń fa omi dé 20, 200 àti 1000 microlitre. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń dán ọwọ́ wò, torí 100 microlitre omi gbọ́dọ̀ wọn 0.1 gíráàmù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n tó wo bí èsì ṣe sún mọ́ra sí. Bó bá ń dín ṣáá, ó lè jẹ́ pé orí oníke tí wọ́n ń kì bọ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kò wọlé ṣinṣin, tàbí kí ọmọ náà máa yára tú bọ́tìnì sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń bá omi wọlé. Bó bá ń lé, ó ti tẹ bọ́tìnì dé ìdúró kejì kó tó fà. Ìdúró kìíní la fi ń fà. Ìkejì wà fún títú èyí tó ṣẹ́kù jáde. Ohun kékeré yìí ló ń ba PCR jẹ́ tí wọ́n á ní primer (ègé DNA kékeré tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ PCR) ni kò dáa.

Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi iná ya DNA sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ náà, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́. Gíráàmù kan agarose (ìyẹ̀fun tó ń di jẹ́ẹ̀lì) nínú 100 mL TAE 1× (omi oníyọ̀ tó ń gbé iná), kí wọ́n sè é títí tí kò fi ní sí hóró kankan nínú rẹ̀ mọ́, kó rọlẹ̀ sí nǹkan bí 60°C kí wọ́n tó dà á. TAE 50× tí wọ́n bá rà, èyí tó ki ní ìlọ́po àádọ́ta, 20 mL rẹ̀ ni wọ́n ń da omi 980 mL lé. Ẹni tó bá gbàgbé láti bu omi là á yóò rí i tí jẹ́ẹ̀lì máa gbóná títí á fi máa yọ́. Ẹni tó bá fi omi lásán ṣe é, iná kò ní gba inú rẹ̀ dáadáa, DNA á sì jókòó síbi tó wà. Ohun tó wù wá jù ni pé olùkọ́ ń mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ wáyà. Aró búlúù á wá máa rìn padà sẹ́yìn, á jáde kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì wọnú omi. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn kò ní gbàgbé mọ́ pé ọ̀dọ̀ wáyà pupa ni DNA ń lọ.

Tissue culture ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn fífi ègé kékeré ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ hu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun nínú ìgò, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ: ṣúgà 30 gíráàmù sí lítà kan, pH 5.8, autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò) ní 121°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹjọ́ tiwa. Ẹ̀rọ PCR wà lórí ínfátà, firíìsà ni wọn ò so mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ bí iná Òṣogbo ṣe rí. Firíìsà ọ̀hún tún jẹ́ irú èyí tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ láti ara rẹ̀ kódà bí iná bá wà. Primer àti dNTP (èròjà tí wọ́n fi ń kọ́ DNA) tó ń dì tó ń yọ́ léraléra kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí wọ́n pín in sínú túùbù kéékèèké, kí wọ́n sì ra firíìsà ọlọ́yìnyín tí ọjà Òṣogbo kún fún. Wọ́n tún ń yọ túùbù olómi lásán, èyí tí omi rọ́pò DNA nínú rẹ̀, kúrò nínú PCR, wọ́n ní kẹ́míkà wọ́n. Láìsí túùbù yẹn, báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà tó rí nínú jẹ́ẹ̀lì wá láti ara èérí?

Èyí tó burú jù ni ìwé. Bébà já-n-jàn-já ni àwọn ọmọ ń kọ nǹkan sí: kò sí nọ́ńbà lot (nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe kẹ́míkà), kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣí kẹ́míkà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Bí PCR bá kùnà lọ́la, ibo ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí? Láwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì Amẹ́ríkà tí InnovATEBIO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ báyótẹ́kì, ń bá ṣiṣẹ́, ìwé láàbù àti SOP (ìlànà iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀) wà lára iṣẹ́ gan-an ni. Agbanisíṣẹ́ tó ń yẹ oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀ wò kò lè gba ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kọ.

Síbẹ̀, a ní kí ẹ lọ, pàápàá kí SIWES yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba owó: kí ẹ tó san ìkejì, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ ìgbóná firíìsà sí hàn yín. Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle fúnra yín, ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀, bírò ni kí ẹ máa fi kọ ọ́, kí olùkọ́ sì fọwọ́ sí i lójoojúmọ́.