Sikọ́láṣíìpù Ẹbí Wa fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Ibi Tó Ti Dára àti Ibi Tó Kù Sí

Ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán tí ìwé-ẹ̀rí Jọ́gíráfì mi kò sì tíì bá mi wá iṣẹ́ kankan, ìpàdé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún mi ní sikọ́láṣíìpù ọdún kan gbáko kí n fi kọ́ iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àpò olówó kan ṣoṣo ni owó náà ti ń jáde; gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹbí ló ń dá owó sí i lóṣooṣù bí ẹni ń dá àjọ, àfi pé kò sí ẹni tó ń kó o. Mo ti jẹ àǹfààní rẹ̀ tán, èmi náà sì ti ń dá owó sínú rẹ̀ báyìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. freeCodeCamp, ìkànnì ẹ̀kọ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2014, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi CS50, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard, kún un, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò láìsanwó. Ẹ̀rọ, iná, dátà àti àkókò ló gba owó. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkúnbọ̀ kan ní Computer Village ní Ìkẹjà ní ₦190,000. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé mi lọ, wọ́n ní kí n má wo bó ṣe ń dán, kí n wò ó bóyá mẹ́mọ́rì rẹ̀ tó 8GB, kí n sì jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lójú olùtajà kí n tó yọ owó. Lẹ́yìn èyí, ₦35,000 ń wọlé fún mi lóṣooṣù.

Nínú gbogbo rẹ̀, àkókò ni mo mọ rírì jù. Fún oṣù méjìlá, kò sẹ́ni tó rán mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ìgbà wo ni n óò ríṣẹ́. Màmá mi nìkan ni wọ́n máa ń yọjú lóru láti bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà yìí kò ní fọ́ mi lójú. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kọ́ JavaScript, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ọjà yí padà, iye owó náà kò yí padà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan ní Èkó fò láti nǹkan bí ₦185 sí ₦488, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I pass my neighbour”, tí mo ti máa ń tàn mọ́jú, di ohun tí mò ń tàn fún wákàtí méjì péré. Mo kọ̀wé sí akọ̀wé ẹbí, wọ́n ní kí n dúró de ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìpàdé wa ń wáyé, lẹ́yìn Ojúde Ọba àti ní oṣù Kejìlá. Wọ́n fọwọ́ sí àfikún ₦20,000 lẹ́yìn Ojúde Ọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ló tó dé ọwọ́ mi. Mo dábàá pé kí wọ́n yan ẹni mẹ́ta tí yóò lè pinnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdúró de ìpàdé.

Ìwé-ẹ̀rí tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ rí ìwé tó ní òǹtẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe tó wà lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń kó iṣẹ́ wọn sí, ni agbanisíṣẹ́ fẹ́ rí. Mo wá ṣe ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣàkọsílẹ̀ owó tí olúkúlùkù dá, mo sì ṣí i lórí fóònù fún bàbá tí wọ́n ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí náà jù. Orúkọ tiwọn ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú gbèsè oṣù mẹ́rin. Wọn kò bèèrè mọ́.

Ojú ewé yẹn kan náà ni mo fi hàn àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ní Yábàá ní ọdún 2024. Ẹbí kì í gba owó náà padà. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù mi ni mò ń dá fún ọdún mẹ́ta, mo sì gbà pé ó tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oṣù kìíní dùn mí díẹ̀. Mo fún sikọ́láṣíìpù yìí ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ẹni mẹ́ta tí wọn kò tíì yàn.