Ọ́fíìsì ayàwòrán ilé tó bá mi gba àṣẹ ìkọ́lé ní Àbújá

Nígbà tí mo gbé ìwé ilẹ̀ tí mo rà lágbègbè Bwari lọ bá àwọn ayàwòrán ilé kan ní Kubwa, mo rò pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, kò gbà kí wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo sórí bébà kí òun tó mọ ohun tó wà nínú fáìlì ilẹ̀ náà ní AGIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá. Ó ní: “Bàbá, ìwé ilẹ̀ lẹ mú wá, ẹ ò tíì ní ìwé ilé.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń yìn wọ́n.

Òfin ilẹ̀ Àbújá máa ń rú ọ̀pọ̀ wa tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá lójú. Nílé lọ́hùn-ún, ìkáwọ́ gómìnà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí. Níbí, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀, mínísítà tó ń bójú tó Àbújá ló sì ń pín in lórúkọ ìjọba náà. Nítorí náà, ìwé káńsù tí ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi gbé lé mi lọ́wọ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀, àfi kí AGIS yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá náà tún là á yé mi pé bí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, tilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan ni; Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Àbújá, ló ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ àwòrán ilé àti ti ẹnjiníà wò.

Ibi tí wọ́n ti yọ mí nínú àdánù ni ti ṣọ́ọ̀bù méjì tí mo fẹ́ kọ́ síwájú ilé, kí ìyàwó mi lè máa ta aṣọ níbẹ̀. Wọ́n fi hàn mí pé ilé gbígbé nìkan ni wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyípadà, kí wọ́n má baà wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀. Ó dun ìyàwó mi, ṣùgbọ́n a yọ ṣọ́ọ̀bù náà kúrò.

Àléébù tí mo rí ni ti owó. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé mi, láìya owó ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ tiwọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì béèrè kí rìsíìtì tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àbúrò mi, tó fẹ́ gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ní Kuje wá bá wọn.