Padrão dos Descobrimentos ní Lisbon: ẹ gòkè ẹ̀ o, àmọ́ ìtàn ibẹ̀ ò tíì pé

Ohun ìrántí ńlá tí wọ́n kọ́ fún àwọn Potogí tó rìnrìn àjò lórí òkun láyé àtijọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá dé Belém, àdúgbò tó wà ní Lisbon, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ sanwó kẹ́ ẹ gòkè. Lífìtì á gbé yín lọ, àtẹ̀gùn díẹ̀ ló máa kù, tẹ́ ẹ bá wá bojú wolẹ̀ ẹ máa rí kọ́ńpáàsì ńlá tí wọ́n fi òkúta tẹ́ sílẹ̀, ó fẹ̀ tó mítà 50, South Africa ló fi ta Potogí lọ́rẹ ní 1960, máàpù ayé wà láàárín ẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí ọkọ̀ àwọn Potogí dé ibi kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dúró sílẹ̀ ẹ ò lè rí i bó ṣe rí gan-an.

Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti wo àwọn ère yẹn. Wọ́n kọ́ ọ bí iwájú ọkọ̀ ojú omi tó kọjú sódò Tagus, Henry, ọmọ ọba Potogí tó ń rán ọkọ̀ lọ sí etíkun Áfíríkà, ló ṣíwájú, ó gbé ọkọ̀ kékeré kan dání, àwọn yòókù wá tò tẹ̀ lé e lọ́tùn-ún lósì, àwọn atukọ̀ bíi Vasco da Gama, Magellan, Cabral àti Diogo Cão wà lára wọn, gbogbo wọn jẹ́ 33. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, Philippa, ìyá Henry. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn dáa gan-an, mi ò lè purọ́.

1940 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún àfihàn ńlá kan, wọ́n wó ìyẹn, wọ́n wá fi kọnkéré àti òkúta tún un kọ́ ní 1960 tó pé 500 ọdún tí Henry kú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ́ ọkùnrin yìí sí, ní 1894 wọ́n tẹ sítáàǹpù fún 500 ọdún ìbí ẹ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n yà á sí lórí àwọn kan.

Ohun tó dùn mí ni pé ní 1444, ní Lagos tó wà ní gúúsù Potogí, wọ́n kó ẹrú 235 láti Áfíríkà bọ́ọ́lẹ̀, Henry sì gba ìdá kan nínú márùn-ún. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan láàárín àwọn 33 yẹn. Mi ò ní kí wọ́n wó o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń wo Henry níbẹ̀ gbọ́ ìyẹn náà. Lagos yẹn ti ní mùsíọ́ọ̀mù ẹrú láti 2016, tẹ́ ẹ bá ráyè ẹ dé ọ̀hún.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba abẹ́ títì sọdá sí Jerónimos, ilé àwọn mọ́ǹkì àtijọ́, ibẹ̀ ni sàréè Vasco da Gama wà.