Canon 80D tàbí Nikon D750: ohun tí shutter count ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ká ní owó ọwọ́ yín lè ra ọ̀kan nínú kámẹ́rà tòkunbọ̀ méjì. Ọ̀kan jẹ́ Canon 80D, ó ti ya fọ́tò 35,000. Ìkejì jẹ́ Nikon D750, ó ti ya 90,000. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù á ti fọwọ́ gba Canon yẹn kí ẹni tó ń tà á tó parí ọ̀rọ̀, nítorí pé 35,000 kéré púpọ̀ sí 90,000. Èmi ò ní yára bẹ́ẹ̀.

Shutter ni abẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ya fọ́tò, ó ń ṣí, ó ń padé, kámẹ́rà á sì fi ọ̀kan kún iye tó ń kà sínú. Iye yẹn ni shutter count. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ báyẹn kò ní ṣàì gbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fi máa ń sọ iye tí wọ́n dán shutter wò dé: Canon sọ 100,000 fún 80D, Nikon sọ 150,000 fún D750. Ẹ wá yọ èyí tó ti lọ kúrò. Ó ku 65,000 fún Canon, ó ku 60,000 fún Nikon. Ìyàtọ̀ 55,000 tó dà bí ohun ńlá lẹ́ẹ̀kan ti di 5,000 péré.

Iye tí wọ́n sọ yìí kì í ṣe ọjọ́ ikú o. Àwọn shutter kan wà tó kọjá rẹ̀ dé ìlọ́po méjì, àwọn kan sì kú kí wọ́n tó dé ìdajì. Ẹ má sì fi ti Canon kan díwọ̀n ti òmíràn: 6D, 100,000; 5D Mark III, 150,000; 7D Mark II, 200,000; 1D X, 400,000. Ẹni tó bá gbé 5D Mark III tó ti ya 80,000 wá ń ta ohun tó sàn ju ti ẹni tó gbé 6D tó ti ya 70,000 wá, bí ẹ bá ń wo shutter nìkan.

Ó ku 60,000: oṣù mélòó nìyẹn?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Ayàwòrán àríyá tó ń lọ òde méjì lọ́sẹ̀, tó ń ya 1,200 lóde kọ̀ọ̀kan, ń jẹ 2,400 lọ́sẹ̀. 60,000 á tán lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 25. Bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́fà kò tíì pé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlíṣàn tàbí Àgọ́-Ìwòyè tó ń ya 200 lọ́sẹ̀ á lo kámẹ́rà kan náà fún ọ̀sẹ̀ 300, ìyẹn sì lé ní ọdún márùn-ún àbọ̀.

Ẹ tún rántí Ojúde Ọba. Nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin kọjá, kò sí ayàwòrán tó ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. 80D ń ya méje láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, 70 ti lọ. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ẹlẹ́ṣin, 1,400 ti bọ́ lára rẹ̀, àwọn regberegbe (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kò sì tíì wọ inú kámẹ́rà yín.

Bí ẹ ṣe máa rí iye náà

Níbí ni Nikon ti fi Canon sílẹ̀ pátápátá. Nikon máa ń kọ iye tó ti kà sínú fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò kan lójú ẹni tó ń tà á, ẹ fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ExifTool ṣí i (ọ̀fẹ́ ni), kí ẹ sì wá ibi tó kọ Shutter Count sí. Ó tán. Ọ̀pọ̀ Sony náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, A7 III wà lára wọn.

Ẹ má gba fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ bí àwòrán lórí WhatsApp. WhatsApp ń fún fáìlì pọ̀, ó sì ń fọ gbogbo ohun tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀ dànù. Tí ọjà bá wà ní Ìkẹjà tí ẹ̀yin sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ní kó fi fáìlì náà ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, láìṣàtúnṣe sí i. Kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n yà á àti nọ́ńbà kámẹ́rà tó wà nínú fáìlì náà. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lábẹ́ bọ́dì mu, nítorí kò ṣòro fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó láti ya fọ́tò pẹ̀lú kámẹ́rà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì tuntun.

Canon kì í kọ iye náà sínú fọ́tò 80D, ẹ̀ ń wá a lásán ni. Ẹ gbọ́dọ̀ fi wáyà USB so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ní ètò tó lè bi kámẹ́rà náà ní iye tó ti kà. Ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gba owó díẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì ti dán ètò náà wò nílé. Tí ẹni tó ń tà á bá ń fi IMG_3512 hàn yín pé ẹ̀rí nìyẹn pé kò tíì ya ju 3,512 lọ, ẹ rẹ́rìn-ín. Tí nọ́ńbà fáìlì bá ti dé 9999, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè dá a padà nínú mẹ́nù nígbà tó bá wù ú.

Nítorí náà, 35,000 ti Canon wa yẹn, ta ló kà á? Bí ó bá jẹ́ ẹnu olùtajà nìkan ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. 90,000 ti Nikon, ẹ̀yin fúnra yín lè fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí kò sí nínú iye náà

80D gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn onífídíò, ẹ̀bi kọ́: sírínì ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí síta, ó sì ń tẹ̀lé ojú ènìyàn dáadáa bí ẹ bá ń gba fídíò. Ṣùgbọ́n lásìkò fídíò, shutter á ṣí, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó lè gba wákàtí mẹ́ta ìsìn ìdúpẹ́ kí iye tó ń kà má tó mẹ́wàá. Sẹ́ńsọ̀ ń gbóná, bátìrì ń gbóná, ihò HDMI àti ti màíkì ń gbó, iye náà ò sì ní sọ ọ̀kankan fún yín. 80D tó ti ya 12,000 tí ihò màíkì rẹ̀ ti ń mì, onífídíò ló ń tà á.

D750 náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2015, Nikon kéde pé shutter àwọn D750 kan lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí apá kan fọ́tò á fi ṣókùnkùn, wọ́n sì fẹ ìkéde náà lójú nígbà tó yá láti kó D750 púpọ̀ sí i mọ́ ọn. Irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ya 8,000. Nínú ọ̀ràn D750, 90,000 tí shutter rẹ̀ ṣì ń dún geere lè fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju 8,000 tí wọn ò tíì dán wò lọ.

Sony A7 III ńkọ́, tí gbogbo ènìyàn ń wá báyìí? 200,000 ni Sony sọ, síbẹ̀ àwọn oníbàárà kan ní Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2021, wọ́n ní shutter náà ń kú kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá pa A7 III, shutter kì í padé bo sẹ́ńsọ̀. Tí ẹ bá pààrọ̀ lẹ́ńsì lásìkò ọyẹ́, eruku á wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ohun míì: orí bọ́ọ̀dù inú kámẹ́rà ni iye náà ń gbé, kò gbé inú shutter fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, iye kékeré lè jókòó sórí shutter arúgbó. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ shutter, iye ńlá lè jókòó sórí shutter tuntun. Ẹ béèrè, kí ẹ wo bóyá orí àwọn síkúrúù abẹ́ bọ́dì ti ní àpá pé wọ́n ti tú wọn rí.

Ìdánwò tí mo gbà ju nọ́ńbà lọ

Ẹ dojú kámẹ́rà kọ ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun. Ẹ gbé shutter lọ sí ibi tó yára jù, 1/8000 ìṣẹ́jú-àáyá lórí 80D, 1/4000 lórí D750, kí ẹ ya ogún fọ́tò léra wọn. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ogún bá ní ilà dúdú tàbí apá kan rẹ̀ bá dúdú ju ìyókù lọ, shutter ti ń rẹ̀wẹ̀sì, iye yòówù kó wà nínú rẹ̀. Ẹ so fláàṣì mọ́ ọn kí ẹ ya ní 1/200; ilà dúdú níbẹ̀ náà kò dára. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ihò lẹ́ńsì dé f/22 (kó di kékeré gan-an), kí ẹ ya ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ tó bá hàn jẹ́ eruku tàbí òróró lórí sẹ́ńsọ̀. Eruku ṣe é fọ̀. Òróró tó ń padà wá lẹ́yìn ìfọ̀, ìyẹn ló da Nikon D600 rú, tí wọ́n fi gbà láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2014.

Tí Canon bá kọ Err 20 tàbí Err 30 (ìkìlọ̀ pé ẹ̀rọ inú tàbí shutter ní ìṣòro), tí olùtajà sì ní "bátìrì ni, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún fi í padà," ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Èwo ni kí n rà nígbà náà?

Onífídíò, 80D, bí ihò rẹ̀ bá le tí ètò kọ̀ǹpútà sì fìdí iye rẹ̀ múlẹ̀. Onífọ́tò àríyá, D750, àní pẹ̀lú 90,000: ihò káàdì méjì ló ní, 80D ní ẹyọ kan, ẹnikẹ́ni tí káàdì ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó mọ ohun tí mò ń sọ. Sẹ́ńsọ̀ D750 tóbi jù, nítorí náà ó ń ríran dáadáa lábẹ́ iná gbọ̀ngàn alẹ́. Èyí tó tún ṣe kókó ni pé bí shutter D750 bá kú, bọ́dì náà ṣì tó ohun tí ènìyàn ń náwó tún ṣe. Ní ti àwọn kámẹ́rà kékeré, owó àtúnṣe máa ń sún mọ́ owó òmíràn, ẹ wulẹ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ti tòkunbọ̀ àti èyí tí wọ́n lò ní ìlú wa, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó lò ó ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lè bi í ní iṣẹ́ tó fi ṣe, ẹ sì lè mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó kó tòkunbọ̀ dé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lókè òkun, òun gan-an sì ń méfò ni.

Kí ẹ tó kó owó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà kámẹ́rà, iye tó ti kà àti ọjọ́ ìdánwò sórí rìsíìtì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹ lè mú un padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí shutter bá kọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í kọ irú rẹ̀, ẹ sọ iye owó yín kalẹ̀ bí ẹni tí ń ra ohun tí kò ní ẹ̀rí.