VirtualBox: Ó dára fún Linux, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìjàpá

Ọ̀fẹ́ ni VirtualBox, ètò tí Oracle ń ṣe láti gbé kọ̀ǹpútà àfarawé sínú kọ̀ǹpútà yín, ó sì ń jẹ́ kí Ubuntu, irú Linux kan, ṣiṣẹ́ nínú Windows láìpa ohunkóhun rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn), kí ẹ tan VT-x, ohun tó ń jẹ́ kí CPU lè gbé kọ̀ǹpútà àfarawé. AMD-V ni wọ́n ń pè é lórí CPU AMD. Bí ó bá wà ní pípa, Ubuntu ò ní gbéra rárá.

Bí RAM yín bá jẹ́ 8GB, ẹ fún un ní 4GB, CPU 2, díìsì 25GB. Ẹ má fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Windows fúnra rẹ̀ á máa wọ́ bí ìgbín.

Ohun tó ń bíni nínú jù ni Hyper-V, ètò kọ̀ǹpútà àfarawé ti Windows fúnra rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé á yọ nísàlẹ̀ fèrèsé, gbogbo nǹkan á sì máa falẹ̀. Ẹ pa á nínú Windows Features, ẹ pa Memory Integrity (ààbò kan nínú Windows) náà, kí ẹ wá tún kọ̀ǹpútà tàn.

Bí ojú Ubuntu bá kéré tí kò fẹ̀, Guest Additions, àfikún VirtualBox tí wọ́n ń fi sínú Ubuntu, lẹ ò tíì fi sí i. Snapshot (ipò tí ẹ tọ́jú kí ẹ lè padà sí i) dùn ún lò, àmọ́ kì í ṣe bákọ́ọ̀pù o: díìsì bàjẹ́, òun náà lọ nìyẹn. Ti géèmù ńlá? Ẹ má wulẹ̀ dán an wò.