Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta Òkúta Orí Koríko ní Ìlọrin: Èyí Tí Wọ́n Fi Hàn Yín Kọ́ Ni Wọ́n Máa Kó Wá

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tún iwájú ilé ṣe lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Òkúta pẹlẹbẹ tí à ń tò sórí koríko, tí a fi ń rìn kọjá kí ẹsẹ̀ má bàa kan ẹrẹ̀, ni mò ń sọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan lẹ́yìn ilé wa ní Tánkè.

Mo gbin koríko káàpẹ́ẹ̀tì síwájú ilé. Ojú kan náà ni gbogbo wa ń tẹ̀ láti géètì dé ilé ìdáná ẹ̀yìn, koríko ibẹ̀ kú, ilẹ̀ pupa yọ. Ìyá mi máa ń ti Ọ̀fà wá lo ìgbà òjò lọ́dọ̀ mi, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn. Nítorí ẹsẹ̀ wọn ni mo ṣe wá òkúta lọ.

Ẹ̀bá títì ni ọkùnrin náà ń tajà sí, láàárín àwọn tó ń ta òdòdó. Òkúta mẹ́fà péré ló tò sílẹ̀, àmọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáa. Mo gbìyànjú láti gbé ọ̀kan, mo sì yára gbé e kalẹ̀, torí ó wúwo. Ó ní, "Ìyá wa, òkúta gidi àti sìmẹ́ǹtì ni. Ọmọ yín á bá a, ọmọ ọmọ yín á bá a." ₦4,500 la dúró sí lórí ọ̀kan. Mo ní kó ṣe méjìlélọ́gbọ̀n, ₦144,000 nìyẹn. Ó gba ₦100,000 sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ra sìmẹ́ǹtì. Orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó sọ fún mi. Mo bi í, ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gba owó mi padà, n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì ni wọ́n kó o dé, kò sì sí iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti tò ó tán. Ojú rẹ̀ rí bí òkúta gíráńáìtì, àwọ̀ eérú tí wọ́n wọ́n dúdú sí wínníwínní. Mo san owó tó kù. Nígbà tí mo wá kà á, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ti fẹ àlàfo àárín òkúta kan sí èkejì kí ó lè dé ilé ìdáná, kí ojú má sì rí i pé mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Mo pè é. "Mò ń bọ̀, ìyá wa." Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sọ bẹ́ẹ̀, kó tó pa fóònù.

Òjò oṣù kẹrin dé. Òjò àkọ́kọ́ ṣí ọ̀dà ojú rẹ̀. Bí Màmá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, àwọ̀ eérú ń tẹ̀lé sílípáàsì funfun wọn dé orí táìlì pálọ̀. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, àwọn òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá na ẹsẹ̀ láti bá èyí tó wà níwájú, torí wọ́n ti tò ó jìnnà jù fún wọn. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ló dá sí méjì. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òun ló gbá wọn mú. Ọrùn ẹsẹ̀ wú fún ọjọ́ mẹ́rin. Arúgbó tí egungun rẹ̀ ti gbó ni. Mo ń rò ó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo gbé àfọ́kù náà. Inú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo fi àtàǹpàkò rá a, ó sì rú bí èkuru. Èèpo ẹ̀pà kan wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò koríko wà níbẹ̀, kò sì sí òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo. Etí rẹ̀ nípọn tó íǹṣì méjì, èyí tí ojú ń rí nìyẹn, àmọ́ wọ́n ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ wọnú débi pé àárín rẹ̀ kò tó íǹṣì kan. Ìlú wa yìí, ara òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni orúkọ rẹ̀ ti wá, a wá ń fi owó wa ra amọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà. Ó dùn mí wọra.

Bàbá bíríkìlà tí mo pè wá hú mẹ́ta. Kò sí yanrìn kankan lábẹ́ rẹ̀. Orí koríko gan-an ni wọ́n gbé e lé, koríko náà jẹrà, ihò wá wà níbẹ̀, ìdí tó fi ń mì nìyẹn. Bàbá ní, "Àlàájà, òkúta tó dáa, ẹ kàn án, á dá yín lóhùn." Wọ́n fi irin kan ògbólógbòó sílábù kan tó wà lẹ́yìn ilé, ó dún gban. Wọ́n kan tèmi, ó dún pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá lu ògiri alámọ̀.

Ohun tí Bàbá kọ́ mi ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Sílábù tó jẹ́ íǹṣì 18 ní gígùn àti ní fífẹ̀, tó nípọn íǹṣì méjì, yóò wọ̀n tó kílò 24, ìyẹn fẹ́rẹ̀ tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé tèmi. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìṣó fá a, kí ẹ wò ó bóyá ó máa rú bíi tèmi. Ẹ da omi sí i: bí ó bá fà á mu kíá bí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan láàárín ẹrù tí wọ́n kó wá, kì í ṣe láàárín èyí tó wà ní ẹ̀bá títì, kí ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì fọ́ ọ lójú wọn. ₦4,500 kan kò tó ohun tí mo pàdánù.

Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n. Sìmẹ́ǹtì ń fẹ́ omi fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ó sì tó ọjọ́ 28 kó tó gbó dáadáa. Àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n mọ tèmi, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fa omi inú nǹkan gbogbo gbẹ. Bàbá ní bí wọ́n tilẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ sí i, láìsí omi, kò ní lágbára.

Bí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ gé koríko bí òkúta náà ṣe rí, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin, kí ẹ da yanrìn oníhóró ńláńlá sí i tó íǹṣì méjì, kí ẹ gún un kó le. Ojú òkúta kò gbọdọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, kí ìka ẹsẹ̀ má bàa kọ ọ́, kí ẹ̀rọ agékoríko sì lè gba orí rẹ̀. Ní ti àlàfo àárín òkúta kan sí èkejì, ẹ ní kí ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ jù nínú ilé rìn ín kọjá, kí ẹ fi òkúta sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí. Báyìí ni a ṣe wọn ẹsẹ̀ Màmá.

Ẹnìkejì mi lẹ́yìn ilé, ogún òkúta ló rà lọ́wọ́ ẹni kan náà, alẹ́ ni wọ́n kó tiẹ̀ náà dé. Nígbà tí a jọ lọ wá a, ibi tó ń tò ó sí ti ṣófo. Àwọn olódòdó ní ó ti kó lọ, wọn ò mọ ibi tó gbà. Bí ẹ bá rí ẹni tó to mẹ́fà péré sílẹ̀, tó ní òun ń bọ̀ wá ṣe ìyókù fún yín, tí àkáǹtì rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, tí kò sì gbà kí bíríkìlà yín tò ó, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i fún wa.